Ẹ̀kán Kan Ti Tó

Ní Sátidé kan, lórí tábìlì oúnjẹ wa ní Lawrenceville níbí, ọmọ mi ọkùnrin ń to ọkọ̀ òfurufú oníke kan pọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1/72: ọkọ̀ gidi gùn jù ú lọ ní ìlọ́po 72. Ó da super glue sí etí fèrèsé awakọ̀ bí ẹni da epo síṣu. Kíá, ìka rẹ̀ méjì lẹ̀ pọ̀. Ó fẹ́ fà wọ́n ya. Mo ní, "Má fà á!" Mo ki ọwọ́ rẹ̀ bọ omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo ń rọra yí ìka náà títí wọ́n fi yà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fèrèsé náà ti funfun bí kùrukùru. Oru gúlúù ló bà á jẹ́.

Àwa nọ́ọ̀sì mọ irú gúlúù yìí. Harry Coover ṣèèṣì bá a pàdé ní 1942. Ní 1998 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú kan tó wà fún ojú ọgbẹ́. A kì í dà á sínú ọgbẹ́. A ó kọ́kọ́ mú etí ọgbẹ́ kanra, a ó wá fi fẹ́ẹ́rẹ́ kùn ún lórí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ike. Ẹ kọ́kọ́ to ó láìfi gúlúù sí i, kí ẹ rí i pé ó bá ara mu. Gúlúù olómi tí wọ́n ṣe fún ike ń yọ́ ojú ike méjèèjì di ọ̀kan: ẹ fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ìpàdé wọn, yóò sá wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án, àmì ìka kì í pa rẹ́. Ní ti super glue, ẹ kán ẹyọ kan sórí ike àlòkù, kí ẹ fi igi ìtayín tọ́ ọ. Gúlúù funfun àwọn ọmọ iléèwé ni kí ẹ fi lẹ fèrèsé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣí fèrèsé ilé. Ẹ má fi òwú nu super glue. Ó lè gbóná débi pé yóò jó ara. Bó bá ta sójú, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án, ẹ má fipá la ìpéǹpéjú, kí ẹ tètè lọ rí dókítà.

Lọ́jọ́ náà, mo ti fẹ́ da ìbáwí lé ọmọ mi lórí bó ṣe da gúlúù. Mo rántí Éfésù 6:4, mo sọ gbólóhùn kan péré, mo sì fà àga jókòó tì í. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọkọ̀ náà ti wà lórí pẹpẹ ìwé rẹ̀ báyìí, fèrèsé rẹ̀ kejì sì mọ́ gaara.