Mylyn

Mylyn jẹ́ irinṣẹ́ kan tí a ń fi kún Eclipse, olóòtú kóòdù tí àwọn tí ń kọ èdè Java mọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí olóòtú náà fi kìkì ohun tí ó kan iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ han ẹni tí ń lò ó, kí ó sì rántí ibi tí onítọ̀hún bá iṣẹ́ náà dé nígbà tí ó bá fi í sílẹ̀ lọ ṣe òmíràn. Mik Kersten ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní Yunifásítì British Columbia ní ìlú Vancouver, orílẹ̀-èdè Kánádà, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà Ọ̀jọ̀gbọ́n Gail Murphy.

Ohun tí ó mú un wáyé

Ètò kọ̀ǹpútà ńlá lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì, síbẹ̀ iṣẹ́ kan ṣoṣo, bí àtúnṣe àṣìṣe kékeré kan, kì í sábà kan ju díẹ̀ lára wọn lọ. Olóòtú kóòdù kò mọ àwọn díẹ̀ wọ̀nyí yàtọ̀. Gbogbo fáìlì ni yóò tò sílẹ̀ bákan náà, tí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ yóò sì máa wò wọ́n lókè lódò títí yóò fi rí ohun tí ó ń wá. Bí iṣẹ́ pàjáwìrì bá dé, yóò ṣí fáìlì mìíràn lé ti àkọ́kọ́ lórí; nígbà tí ó bá padà, wíwá tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ahunṣọ ilẹ̀ Okun kò ní irú ìṣòro yìí. Ní Kàbbà, ní Bùnú àti ní agbègbè wọn ní Ìpínlẹ̀ Kogi, àwọn obìnrin ni ó ń hun aṣọ lórí òfì òòró tí a gbé ti ògiri. Bí ìyá bá dìde lọ sí oko, òwú tí ó ti ta wà lórí òfì níbẹ̀, etí aṣọ sì ń fi ibi tí ó dúró sí hàn. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó padà jókòó. Kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí òun bá a dé. Bí ó bá sì ní aṣọ méjì lọ́wọ́, tí ó nà wọ́n sí òfì méjì, òwú pupa aṣọ ìpò kò ní lọ́ mọ́ ti kíjìpá. Olóòtú kóòdù lásán dà bí òfì kan ṣoṣo tí a fẹ́ na gbogbo aṣọ ilé sí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìtàn

Mylar ni orúkọ tí a kọ́kọ́ fún irinṣẹ́ náà. Ní ọdún 2005, Kersten àti Murphy gbé ìwé ìwádìí àkọ́kọ́ jáde lórí rẹ̀. Ní ọdún 2006, wọ́n gbé èkejì jáde, nínú èyí tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò àwọn olùkọ kóòdù 16 tí wọ́n ń fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni bí iye ìgbà tí ènìyàn ń yí kóòdù padà ti pọ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ìgbà tí ó kàn ń wò kiri. Ìwọ̀n yìí gbé pẹ́ẹ́lí sí i lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n lò ó, tí ó fi hàn pé wíwá kiri dínkù. Nítorí pé Mylar ti jẹ́ orúkọ òwò fún irú ọ̀rá kan, wọ́n yí orúkọ náà padà sí Mylyn ní ọdún 2007. Ọdún yẹn kan náà ni ó bá Eclipse Europa jáde.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìpìlẹ̀ Mylyn ni àkójọ iṣẹ́. Ẹni tí ń kọ kóòdù lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iṣẹ́ sínú rẹ̀, ó sì lè fà wọ́n wá láti inú Bugzilla, Trac tàbí JIRA, níbi tí a ti ń kó ẹjọ́ àṣìṣe ètò jọ. Mylyn máa ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ẹjọ́ yìí sórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà ènìyàn lè kà wọ́n, kí ó sì fèsì sí wọn nígbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Èsì náà yóò lọ nígbà tí ìsopọ̀ bá dé.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ó kọ́kọ́ tẹ àmì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Mylyn yóò ti máa ṣọ́ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Gbogbo fáìlì tí a ṣí àti gbogbo apá kóòdù tí a yí padà ní ìwọ̀n tí Mylyn ń fún un. Èyí tí a ń padà sí lemọ́lemọ́, ìwọ̀n rẹ̀ ń ga, a ó sì fi lẹ́tà dúdú kirikiri kọ orúkọ rẹ̀. Èyí tí a wò lẹ́ẹ̀kan péré, ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ títí yóò fi pòórá lójú. Èrò ìwọ̀n yìí ti wà ṣáájú: George Furnas ni ó gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1986. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ọjọ́ kọ́ ni ó ń dín ìwọ̀n náà kù. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe lórí iṣẹ́ náà ni a fi ń ká a. Bí a bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko, bí a ti fi í sílẹ̀ ni a ó bá a.

Àpẹẹrẹ kan láti inú èdè Yorùbá

Ká ní ẹnì kan ní Kàbbà ń kọ atúmọ̀ èdè Owé, ẹ̀ka èdè àwọn ará Kàbbà, fún ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ẹjọ́ dé pé bí ènìyàn bá wá «ọjọ́», ètò náà yóò ní kò sí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Àmì ohùn ni ó fà á. Nínú Unicode, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún lẹ́tà «ọ́». A lè kọ ọ́ bí ọ (U+1ECD) tí àmì òkè (U+0301) tẹ̀ lé, tàbí bí ó (U+00F3) tí àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) tẹ̀ lé, tàbí bí o lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Bákan náà ni wọ́n rí lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di oríṣi kan, èyí tí Java ń fi Normalizer ṣe, nígbà tí a bá ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àti nígbà tí a bá ń wá a.

Fáìlì mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí kàn: ibi ìkọ̀wé, ibi ìtọ́jú àti ibi ìwákiri. Bí ó ti ń ṣe é lọ́wọ́, ìròyìn mìíràn lè dé pé ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò dún mọ́. Yóò pa iṣẹ́ àkọ́kọ́ dé, fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì tì. Yóò ṣí iṣẹ́ ohùn, a ó sì máa ka tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ó bá pa kọ̀ǹpútà, tí ó padà sí ẹjọ́ àmì ohùn ní ọjọ́ kejì, fáìlì mẹ́ta yẹn nìkan ni yóò jáde sí i. Ó tún lè so àkọsílẹ̀ náà mọ́ ẹjọ́ inú Bugzilla, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja tàbí Èkó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òun dúró sí. Èyí wúlò gan-an nígbà tí ẹni tí ó mọ àmì ohùn àti ẹni tí ó mọ Java kì í bá ṣe ẹnì kan náà.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Mylyn kò mọ èrò ọkàn. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti pa iṣẹ́ kan dé kí ó tó bọ́ sí òmíràn yóò da méjèèjì pọ̀, àkọsílẹ̀ náà kò sì ní wúlò mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun pẹ̀lú, kò tíì sí ohun tí yóò fi hàn. A ó ní láti di bọ́tìnì Alt mú kí a sì tẹ fódà kí ohun tí ó fi pamọ́ tó hàn. Bákan náà, ibi tí a dé ni ó ń tọ́jú. Kóòdù tí a kò tíì fi pamọ́ nígbà tí iná bá lọ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú àwọn olóòtú mìíràn

IntelliJ IDEA náà ní àkójọ iṣẹ́ tí ó ń rántí àwọn fáìlì tí a ṣí fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, Visual Studio 2012 sì fi àǹfààní àtidá iṣẹ́ dúró àti àtipadà sí i kún àwọn ẹ̀dà rẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí ń lo ẹ̀ka Git dípò rẹ̀. Ẹ̀ka Git ń tọ́jú àyípadà inú kóòdù, ṣùgbọ́n kò mọ̀ nípa fáìlì tí a kàn ṣí kà kí ọ̀rọ̀ tó yé wa, irú èyí tí Mylyn máa ń kà mọ́ iṣẹ́.