Àrùn Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Ń Yára

Bí ara bá gbóná ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ibà ni a máa ń pè é. A ó ra oògùn, a ó lò ó, a ó sì padà sí ìdí ọjà. Ṣùgbọ́n bí ibà náà bá kọ̀ tí kò lọ, tí ojú ń funfun, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní erìgì, ẹ má ra oògùn ibà ẹlẹ́ẹ̀kejì mọ́. Ẹ lọ sí Jẹ́nẹ́rà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nínú àìsàn yìí, mùdùnmúdùn á máa bí ẹ̀jẹ̀ funfun tí kò gbó, láìdábọ̀, títí àyè kò fi ní sí fún ẹ̀jẹ̀ gidi mọ́. Oríṣi kan wà tí ń rọra rìn fún ọdún púpọ̀. Òmíràn wà tí ó lè pa ènìyàn láàárín oṣù díẹ̀ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀.

Okùn tín-ín-rín 46 ni ó wà nínú ara wa tí ń sọ fún ara ohun tí yóò ṣe. Ní ọdún 1960, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Peter Nowell àti David Hungerford rí i pé ọ̀kan kúrú lára àwọn tí ó ní oríṣi tí ń rọra rìn. Lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé okùn 9 àti okùn 22 ni ó ṣẹ́, tí wọ́n sì gba èékù ara wọn. Oríṣi tí ń yára kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní ALL. Nínú àgbàlagbà 4 tí ó bá mú, ó tó ẹni 1 tí okùn rẹ̀ ṣẹ́ báyìí.

Wọ́n a máa bi wá pé, ṣé àrùn ìdílé ni, kí á má fẹ́ ọmọ ilé náà? Rárá o! Lẹ́yìn tí a ti bí ènìyàn ni okùn náà ṣẹ́. Kì í ràn, bàbá kì í sì í fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

Ní 2001 ni oògùn oníhóró kan, imatinib, jáde. Ó ń dá ọwọ́ iṣẹ́ ibi tí okùn tí ó ṣẹ́ náà ń ṣe dúró. Ní 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọsibítù yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń ti gbogbo Nàìjíríà wá. Oríṣi tí ń rọra rìn ni wọ́n ń fi tọ́jú níbẹ̀. Fún èyí tí ń yára, imatinib nìkan kò tó. Dókítà yóò fi àwọn oògùn jẹjẹrẹ mìíràn kún un, yóò sì gún abẹ́rẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, nítorí àìsàn náà a máa sá pamọ́ sí ọpọlọ. Bí imatinib kò bá ràn án mọ́, dasatinib àti ponatinib wà. Ẹlòmíràn a máa gba mùdùnmúdùn lára ọmọ ìyá rẹ̀.

Owó rẹ̀ pọ̀, a kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá yẹ okùn náà wò, wọn kò ní mọ̀ pé oògùn yìí ló yẹ. Nítorí náà, ẹ bi dókítà léèrè pé: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ ti yẹ Philadelphia wò?” Bí wọ́n bá sì ti fún yín ní oògùn náà, ara ìbáà yá gágá, ẹ má dá a dúró fúnra yín.