Ìbò Yóò Lọ, Aládùúgbò Yóò Kù

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn ní oríṣiríṣi ẹ̀yà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì Muhammad.

Ẹ̀yin òbí, ní àgbàlá ilé ayálégbé kan ní títì Warri sí Sapele, ọmọ Yorùbá, Ìṣẹ̀kírì, Urhobo àti Ìjọ̀ jọ ń pọn omi ẹ̀rọ kan náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ ìbò gba ẹnu àwọn àgbà, ọmọkùnrin kan wọlé, ó bi ìyá rẹ̀ pé: "Màámi, ṣé òótọ́ ni pé ẹrú ni bàbá ńlá àwọn ará yàrá iwájú?" Ọmọ náà kò dá a sọ, ẹnu àgbà ni ó ti gbọ́ ọ. Kí ni kí ìyá yìí wí?

Ìbéèrè náà ní gbòǹgbò. Ní agbègbè odò yìí, àwọn ẹrú wà lára àwọn tí ń tu ọkọ̀ epo pupa fún àwọn oníṣòwò ńlá. Ní ọdún 1894, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ogun fọ́ Ebrohimi, ìlú Olóyè Nana Olomu. Wọ́n lé e kúrò nílẹ̀, kò sì padà títí di ọdún 1906. Ilé tí ó kọ́ sí Koko nígbà tí ó dé wà níbẹ̀ dòní. Síbẹ̀, ìṣubú Ebrohimi kọ́ ni òpin oko ẹrú. Ní ọdún 1901, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé ẹni tí ó bá sá kúrò lábẹ́ olórí agboolé rẹ̀ di ẹni mímú. Ọdún 1915 ni òfin náà tó kúrò nílẹ̀. A tú okùn lọ́rùn ẹrú, a kò tú orúkọ kúrò lára ọmọ rẹ̀.

Òṣèlú wá bá èdè àìyedè nílẹ̀. Ní ọdún 1952, ìjọba ẹgbẹ́ Action Group ní Ìbàdàn sọ oyè Olú Ìṣẹ̀kírì di Olú Warri. Ọ̀pọ̀ Urhobo, tí wọ́n ń ṣe NCNC, fárígá, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1997, ìjà bẹ́ nítorí pé wọ́n gbé olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben. Ní oṣù Kẹta ọdún 2003, bí ìdìbò ti ń bọ̀, ìpín wọ́ọ̀dù dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù yìí kan náà ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, tí ó ní kí àjọ INEC tún un pín.

Kí ni ẹ̀sìn wa wí? Suratul-Hujurāt, ẹsẹ 13, kọ́ wa pé kí á lè mọ ara wa ni a ṣe pín wa sí ẹ̀yà, ìbẹ̀rù Ọlọ́hun nìkan sì ni iyì. Nígbà tí Abu Dharr fi ìyá ẹnìkan bú u, Ànọ́bì sọ fún un pé ìwà àìmọ̀kan ṣì kù lára rẹ̀. Usama, ọmọ Zayd tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú, ni Ànọ́bì fi ṣe olórí ogun. Àwọn kan kùn, Ànọ́bì kò yí ọ̀rọ̀ padà.

Ìyá yẹn lè dáhùn báyìí: "Ọmọ mi, àwa Yorùbá ra ẹrú, a ta ẹrú, wọ́n sì ta àwa náà. Mohammed Shitta Bey, tí ó kọ́ mọ́sáláṣí ńlá Èkó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ọmọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú ni, Sierra Leone ni wọ́n bí i sí. Ta ni yóò wá kẹ́gàn ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣe ẹrú?"

Ẹ̀yin tọkọtaya, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ra láti ẹ̀yà méjì, ẹ má fi ẹ̀yà bú ara yín lójú ọmọ. Ẹ má fi àhesọ ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ bá aládùúgbò yín dá májẹ̀mú nígbà tí ara rọ̀, pé bí ìlú bá gbóná, ẹni tí ó bá wà nílé yóò kó ọmọ ẹnìkejì wọlé.

Ọjọ́ kan ni ìbò, ọdọọdún ni a jọ ń pọnmi. Kí Ọlọ́hun fi ìfọ̀kànbalẹ̀ sí ilé wa. Àmín.