Bí Òṣùwọ̀n Àtijọ́ Ṣe Ń Bá Kọ̀ǹpútà Òde Òní Sọ̀rọ̀

Bí ẹ bá ti Adabraka yà sí Graphic Road, àgbègbè àwọn ilé-iṣẹ́ lẹ bọ́ sí yẹn. Accra Brewery, ilé ìpọntí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931, wà lójú ọ̀nà náà. Ilé ìwé ìròyìn Daily Graphic, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1950, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Níbikíbi láyé tí ilé-iṣẹ́ bá ti pẹ́ tó báyẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n rà lánàá àti ẹ̀rọ tí wọ́n rà kí ọ̀gá ibẹ̀ tó wọ iléèwé ló sábà máa ń jọ gbé pọ̀. Ọjọ́ kan á wá dé tí ọ̀gá á fẹ́ máa rí gbogbo nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, á sì béèrè pé: ṣé ká kó àwọn àtijọ́ yìí dànù ni?

Ẹ má tíì kó wọn dànù. Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan àtijọ́ yẹn ò ṣàìsàn. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, àti ẹni tó ṣì mọ ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ dúró fún. Ti àkọ́kọ́, owó lè rà á lọ́jà. Ti ìkejì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìpìlẹ̀. Sensor ni òyìnbó ń pe ohun èlò tó ń mọ bí nǹkan ṣe gbóná tó, bí omi ṣe ga tó nínú táńkì, tàbí bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó nínú páìpù. Òṣùwọ̀n ni n ó máa pè é. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń wọn nǹkan, ó sì ń fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ.

Afẹ́fẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ránṣẹ́ yìí, nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ 3 psi túmọ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, 15 psi túmọ̀ sí òkè pátápátá. Nígbà tí iná mànàmáná gba iṣẹ́ náà, wọ́n kàn gbé ọgbọ́n kan náà bọ́ sínú wáyà: 4 milliamp fún ìsàlẹ̀, 20 milliamp fún òkè. Milliamp kan jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 ampere, iná tó kéré gan-an. Iná ṣíṣàn ni wọ́n yàn, wọn ò yan volt, nítorí pé volt máa ń dín kù bí wáyà ṣe ń gùn sí i. Iye iná tó ń ṣàn ní ìbẹ̀rẹ̀ wáyà náà ló ń ṣàn ní ìparí rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ rò ó wò: bí wáyà bá já, iná tó ń gba inú rẹ̀ á di òdo. Bí òdo bá tún túmọ̀ sí pé táńkì ṣófo, ta ni yóò mọ̀ bóyá táńkì ló ṣófo ni àbí eku ló gé wáyà? Nítorí náà, táńkì tó ṣófo á fi 4 ránṣẹ́. Òdo ní tirẹ̀ á máa kígbe pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo ti rí ẹ̀rọ olówó ńlá òde òní tí kò ní ọgbọ́n tó tó èyí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí àpótí iná kan wò. Ká sọ pé ilé ìpọntí ni, ilé ìpọntí èyíkéyìí. Wọ́n máa ń mú bíà tó ti wà nínú ìgò gba inú ìgbóná bí 60°C kọjá fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó lè bà á jẹ́ lè kú. Òṣùwọ̀n ìgbóná kan ń ṣọ́ ibẹ̀. Lára rẹ̀, lábẹ́ eruku àti ọ̀dà tó ti ń bó, àwo irin kékeré kan wà tí wọ́n kọ 0–150°C sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ẹ nù ún, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú yàrá yẹn, àwo yìí ló ṣe pàtàkì jù lọ.

Ohun tó ń sọ ni pé 4 milliamp jẹ́ 0°C, 20 milliamp sì jẹ́ 150°C. Milliamp 16 ló wà láàárín méjèèjì. Bí ẹ bá ka 10.4 milliamp lórí wáyà, ẹ yọ 4 kúrò, ó ku 6.4. Ẹ pín 6.4 sí 16, ẹ ó rí 0.4. Ẹ fi 0.4 sọ 150 di púpọ̀: 60°C. Bíà wà láàbò.

Ní báyìí, ta ni yóò máa ṣe ìṣirò yìí lọ́sàn-án lóru? Gateway ni orúkọ ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe é, àpótí kékeré tó máa ń dúró láàárín òṣùwọ̀n àti kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ààfin ọba Akan rí, ẹ mọ okyeame, ẹni tó ń mú ọ̀pá dání, tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọba sọ fún àwùjọ, tó sì ń gba ti àwùjọ sọ fún ọba. Iṣẹ́ tí àpótí yìí ń ṣe nìyẹn. Ògbufọ̀ ni n ó máa pè é.

Inú ògbufọ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Iná láti òṣùwọ̀n máa ń gba inú nǹkan kékeré kan tó ń dí i lọ́wọ́ díẹ̀, tí agbára ìdílọ́wọ́ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 250 ohm. Ibẹ̀ ni iná 4 sí 20 milliamp ti ń di 1 sí 5 volt, 10.4 tiwa di 2.6 volt. Ẹ̀yà mìíràn nínú rẹ̀ á wá gé volt yẹn sí ìpele-ìpele. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ìpele 4,096 láti òdo dé 5 volt, nítorí náà 2.6 volt yóò bọ́ sí nǹkan bí ìpele 2,130. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà lè jẹ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ gan-an la dé yìí. 2,130 kò túmọ̀ sí nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ jókòó kó tẹ̀ ẹ́ sínú ògbufọ̀ pé láti 0 dé 150 ni òṣùwọ̀n yìí ń wọ̀n. Bí ẹni náà kò bá rí àwo, tó sì fi ìrònú ara rẹ̀ tẹ 0 sí 100, kọ̀ǹpútà yóò máa kọ 40°C sílẹ̀ nígbà tí ìgò wà nínú 60. Kò sí iná pupa tí yóò tàn. Àwòrán á dára lójú ìbòjú, àkọsílẹ̀ á máa pọ̀ sí i, irọ́ sì ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tí a fi ń wọ̀n náà ń kó báni. Ní Akosombo, ìsédò tí wọ́n ṣí ní 1966, ẹsẹ̀ bàtà ni Volta River Authority ṣì fi ń sọ bí omi adágún náà ṣe ga tó. 240 ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n gbà pé kò yẹ kó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní mítà, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 73. Ẹni tó bá kọ 240 ránṣẹ́ láìkọ ohun tó fi wọ̀n ọ́n, àlọ́ ló pa fún kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wá bàbá tó ti ń tún ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, kó tó fẹ̀yìn tì. Ìwé àjákọ rẹ̀ tí epo ti rin níyelórí ju ògbufọ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ so ògbufọ̀ mọ́ wáyà, ẹ má ṣe gé wáyà náà nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ òdo: ẹ̀rọ tó ń darí iṣẹ́ á rò pé òṣùwọ̀n ti kú, ó sì lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Ẹ dúró de ọjọ́ àtúnṣe. Ẹ tún béèrè fún ohun tí wọ́n ń pè ní isolator, tó ń sọ àmì kan di méjì láìjẹ́ kí ìkejì kan èkíní lára. Ìyẹn ni pé bí ògbufọ̀ bá tilẹ̀ jóná, iṣẹ́ àtijọ́ ń lọ.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Láàárín àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Rosemount ní Amẹ́ríkà gbé ọgbọ́n kan jáde tí wọ́n ń pè ní HART. Ìró kékeré méjì ni wọ́n gbé gun orí iná 4 sí 20 yẹn: ọ̀kan ń gbọ̀n ní ìgbà 1,200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì ní ìgbà 2,200. Ìró yìí kì í yí nọ́ńbà àkọ́kọ́ padà, àmọ́ ó ń jẹ́ kí òṣùwọ̀n lè sọ orúkọ rẹ̀, ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí, àti bóyá ara rẹ̀ yá, lórí wáyà kan náà. Ọ̀pọ̀ irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ló wà lára ògiri ilé-iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bi í ní ìbéèrè rí. Bí ẹ bá rí HART lára àwo, ẹ ra ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè yẹn. Á gbà yín lọ́wọ́ ìfojúdíwọ̀n.

Àwọn òṣùwọ̀n mìíràn wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà ni wọ́n ti ń sọ látilẹ̀. Èdè tí ẹ ó bá lẹ́nu wọn jù ni Modbus, tí ilé-iṣẹ́ Modicon gbé jáde ní 1979. Ó dà bíi pé kò ní sí ìṣòro, àbí? Ó wà. Àpótí-àpótí ni Modbus ń to nọ́ńbà sí, àpótí kọ̀ọ̀kan ò sì lè gbà ju 65,535 lọ, kò sì gba àbọ̀. Nítorí náà, 60.4 lè wà níbẹ̀ bíi 604, kí ẹ máa rò pé iná ti sọ. Ìwé ìtọ́ni tún sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kíka àpótí láti 1, bẹ́ẹ̀ òdo ni wáyà fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ó wá máa ka nọ́ńbà aládùúgbò.

Lẹ́yìn tí ògbufọ̀ bá ti ní nọ́ńbà tó péye, ó kù kó fi í ránṣẹ́. Èdè tí wọ́n sábà ń lò fún èyí ni MQTT. Andy Stanford-Clark àti Arlen Nipper ló ṣe é ní 1999 fún páìpù epo tó ń gba sátẹ́láìtì ojú ọ̀run ránṣẹ́, níbi tí ọ̀nà ìránṣẹ́ ti wọ́n, tó sì ń já. Ó bá wa mu. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já lábẹ́ òkun ní tòsí Abidjan, Ghana àti Nàìjíríà sì jọ rí àbùkù rẹ̀. Ará Accra tó la dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kọjá mọ̀ pé iná náà lè lọ nígbàkigbà. Nítorí náà, ẹ ra ògbufọ̀ tó ní bátìrì, tó lè tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú ara rẹ̀ títí ọ̀nà á fi là. Kó sì máa kọ aago sí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá kà á. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà ìlú òkèèrè kọ ọ́ nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru á dà bíi pé òwúrọ̀ ló ṣẹlẹ̀.

Ẹ má sì ṣe so Modbus mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní tààrà. Kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Ẹnikẹ́ni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè kọ nọ́ńbà sínú àpótí rẹ̀, ẹ̀rọ á sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Kí ògbufọ̀ máa kà nìkan, kó má lè kọ.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá so ó tán, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ ra áìsì, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ da omi díẹ̀ sí i, ẹ ti ẹnu òṣùwọ̀n bọ̀ ọ́. Láìpẹ́, 4 milliamp ló yẹ kẹ́ ẹ kà lórí wáyà, kí kọ̀ǹpútà sì kọ òdo. Ẹ wá gbé omi kaná kó hó dáadáa. Accra kò ga sí òkun, nítorí náà 100°C ni omi á ti hó: wáyà á sọ 14.67, kọ̀ǹpútà á sọ 100. Bí áìsì bá pé, tí omi híhó sì fún yín ní 67, òṣùwọ̀n yín ò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ padà lọ nu àwo yẹn, kẹ́ ẹ wo ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ sínú ògbufọ̀.