Ó rẹ̀ mí, kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo gbé fóònù mi lọ sí Challenge nílùú Ìlọrin níbí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ariwo kẹ̀kẹ́ Márúwá, oòrùn tó ń jóni lórí, àwọn ọmọkùnrin tó ń pe èèyàn látòkèèrè pé kó wá ra fóònù. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe wo tèmi, ó ní, "Àǹtí, bátìrì yín ti kú. 100 tó ń gbé jáde yẹn, irọ́ ló ń pa." Ó ní kí n padà wá gbà á lọ́la.

Mi ò lè padà lọ lọ́jọ́ kejì. Orí ibùsùn ni mo wà fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, nítorí pé mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Challenge, mo sì dúró nínú oòrùn fún bíi ogójì ìṣẹ́jú. Mi ò lè ṣí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú. Mo ka ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò mọ ohun tí mo kà. Àbúrò mi ló bá mi lọ gba fóònù náà.

Chronic fatigue syndrome ni òyìnbó ń pe àìsàn tó ń ṣe mí. Àwọn oníṣègùn sábà máa ń kọ ọ́ ní ME/CFS. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2021, lẹ́yìn ibà kan tí gbogbo wa rò pé kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ibà náà lọ, àárẹ̀ jókòó. Ẹ ò ní fẹ́ mọ iye ìgbà tí wọ́n ti tọ́jú ibà àti táífọ́ọ̀dù fún mi látìgbà náà. Ní ilé ìwòsàn kan, dókítà wo gbogbo èsì àyẹ̀wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín. Ẹ lọ fẹ́ ọkọ." Mo sanwó káàdì kí n tó gbọ́ ìyẹn o.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé èdè wa ti mọ nǹkan yìí tipẹ́. Bí Yorùbá bá ní "ó rẹ̀ mí", ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un, ó sì lè jẹ́ pé àìsàn ló ń ṣe é. Àárẹ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ló tún ń pè wá ní ọ̀lẹ. Gbogbo wa la kọ́ ewì Ọdúnjọ nípa iṣẹ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a sì gbà á gbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fipá dìde lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, títí mo fi ṣubú sórí àtẹ̀gùn kóòtù.

Fífipá dìde yẹn gan-an ló ń ba ti wa jẹ́. Lọ́dún 2015, Institute of Medicine nílẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde tó sọ ọ́ kedere: àìsàn gidi ni, kì í ṣe inú ọkàn nìkan ló wà. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó ń ṣe ní Amẹ́ríkà wà láàrin 836,000 sí mílíọ̀nù 2.5. Àmì tó ṣe kókó jù ni pé bí aláìsàn bá lo agbára kọjá ìwọ̀nba tó ní, gbogbo ara rẹ̀ á dẹnu kọlẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta kó tó hàn. Oorun ò sì ń gbé e kúrò. Mo lè sun wákàtí mẹ́wàá kí n jí bí ẹni tó ru bùlọ́ọ̀kù mọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹjọ́ máa gbádùn. Ní 2011, The Lancet gbé ìwádìí ńlá kan jáde láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní PACE. Wọ́n ní bí aláìsàn bá ń fi díẹ̀díẹ̀ kún eré ìdárayá rẹ̀, tàbí tó gba ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó ń yí èrò èèyàn padà, ara rẹ̀ á máa mókun. Ní 2013, wọ́n tún kọ ọ́ pé bíi 22 nínú 100 àwọn tó gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni ara wọn ti yá. Àwọn aláìsàn ò gbà. Ọ̀kan nínú wọn, Alem Matthees, tó ń gbé ní Ọsirélíà, fi òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè fún àwọn nọ́ńbà tó wà nídìí ìwádìí náà. Queen Mary University of London kọ̀. Ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́, wọ́n sì pàṣẹ ní 2016 pé kí wọ́n kó o sílẹ̀.

Kí ni wọ́n rí? Wọ́n ti yí òṣùwọ̀n padà láàrin ọ̀nà. Ẹni tó bá gba 65 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ nínú ìdíwọ̀n agbára ara ni wọ́n gbà pé àìsàn rẹ̀ tó láti wọ inú ìwádìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba 60 ní ìparí, wọ́n ní lápá ibẹ̀ yẹn, ara rẹ̀ ti yá. Ẹ tún un kà. Èèyàn lè wọlé pẹ̀lú 65, kó burú sí i dé 60, kí wọ́n ní ó ti yege. Nígbà tí wọ́n fi òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ṣírò ó, àwọn tí ara wọn yá ò tó 10 nínú 100. Ní October 2021, NICE, àjọ tó ń là á sílẹ̀ fáwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe máa tọ́jú èèyàn, ní kí wọ́n má fún aláìsàn ME/CFS ní eré ìdárayá àfikún yẹn mọ́. Aláìsàn kan ló fi òfin bẹ̀rẹ̀ ẹ̀! Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó ka ìdájọ́ náà tán, ojú ewé mélòó kan lóòjọ́. (Àwa náà ní irú òfin yẹn o. 2011 náà ni Ààrẹ Jonathan bu ọwọ́ lù ú.)

Àwọn kan á ní àìsàn òyìnbó ni. Rárá o. Lọ́dún 2007, Mary Gloria Njoku, ọmọ Nàìjíríà, àti Leonard Jason ti DePaul University ní Chicago pẹ̀lú akẹgbẹ́ wọn kan tẹ ìwádìí jáde lórí bó ṣe wà ní Nàìjíríà. Iye tí wọ́n rí ni 0.68 nínú 100. Ìyẹn ni pé, bí ẹ bá kó àgbàlagbà 1,000 jọ, bíi méje nínú wọn ló ń ṣe. Ní Chicago, 0.42 ni Jason rí ní 1999. Ìwádìí kan ṣoṣo ò tó láti búra lé lórí, ṣùgbọ́n ó tó láti pa ẹnu "àìsàn olówó" mọ́.

Kódà ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ ní Aró l'Abẹ́òkúta, ti kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí orí ń ta, tí ojú ń ṣú, tí ohun tí wọ́n ń kà ò wọlé. Brain fag ló pè é. Mi ò ní àìsàn kan náà ni o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ibí ti ń sọ pé ó rẹ̀ wọ́n.

Ìròyìn tó mú mi dìde jókòó jáde ní August 2025. Ìwádìí DecodeME, tí University of Edinburgh wà nídìí ẹ̀, wo DNA àwọn aláìsàn 15,579, wọ́n sì rí ibi mẹ́jọ níbi tí tiwọn ti yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò ṣàìsàn. Àwọn kan nínú ibi mẹ́jọ yẹn kan bí ara ṣe ń bá kòkòrò àrùn jà. Mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo kà á délẹ̀: àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù nìkan ni wọ́n ṣírò. Kò sí Ìlọrin níbẹ̀, kò sí Èkó.

Nílé níbí ńkọ́? Abala 16 nínú Labour Act ní òṣìṣẹ́ tí dókítà bá jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀ lè gba owó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. Ọjọ́ méjìlá! Òfin náà ò sì ka púpọ̀ nínú àwa tá à ń ṣiṣẹ́ ìwé mọ́ òṣìṣẹ́. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, lẹ́tà ni wọ́n fi lé mi. Òfin àwọn abirùn tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní January 2019 sàn díẹ̀, torí ó mẹ́nu ba àìlera ọlọ́jọ́ pípẹ́. Lójú tèmi, ME/CFS wọ inú ìtumọ̀ yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n bó o bá sọ ọ́ fún agbanisíṣẹ́, ojú ni yóò fi máa wá kẹ̀kẹ́ arọ lẹ́yìn rẹ.

Àáfáà ti ṣàdúrà fún mi, mo ti mu àgbo, mo sì ṣe àmín sí gbogbo ẹ̀. Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé mo ń ṣọ́ agbára ná. Bí mo bá fẹ́ wẹ̀, mi ò ní kọ̀wé. Bí mo bá kọ̀wé bí irú èyí, ọjọ́ márùn-ún ló máa ń gbà mí, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá mi ló pẹ́ kó tó gbà. Òun ló máa ń sọ pé, "Àjíkẹ́, dìde, ara tí a bá lò ló ń le." Láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ ọmọ Challenge yẹn fún un, kì í bi mí mọ́ pé ṣé mo jí dáadáa. Ó kàn máa ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, á ní, "Mélòó ló kù lónìí?" Lánàá, mo ní 20. Ó lọ bá mi bu kókó wá.