Àánú Ṣe Mí, Mo Ṣàánú: Ìgbàgbọ́ Kristẹni Nínú Ìjìyà Ènìyàn

Nínú èdè wa, gbólóhùn méjì kan wà tí ó jọ ara wọn, tí wọ́n sì jìnnà sí ara wọn. Èkíní ni 'àánú rẹ̀ ṣe mí'. Èkejì ni 'mo ṣàánú rẹ̀'. Nínú èkíní, àánú ni olùwà, èmi sì ni àbọ̀: àánú ń ṣe mí bí àìsàn ti í ṣe ènìyàn láìtọrọ àyè. Nínú èkejì, èmi gan-an ni mo dìde, tí mo ṣe nǹkan. Èrò tí mo fẹ́ gbé ka iwájú yín lónìí ni pé àárín gbólóhùn méjèèjì yìí ni ìgbàgbọ́ Kristẹni ti ń fara hàn nígbà ìjìyà.

Ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin ní Èkó ni n ó ti mú àpẹẹrẹ mi. Níbẹ̀ ni Ìjẹ́gun-Ẹ̀gbá wà, níbi tí àwọn àgbá ńláńlá tí a ń tọ́jú epo sí ti wà nítòsí ilé tí ènìyàn ń gbé, tí àwọn táńkà sì ń tò sí ojú ọ̀nà. Níbẹ̀ náà ni Abúlé-Àdó wà, tí kò jìnnà sí Festac. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, iná bú gbàmù ní Abúlé-Àdó, ní ẹ̀gbẹ́ páìpù epo. Ilé wó lulẹ̀. Ènìyàn tí ó kú kò dín ní 15. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ti ìjọ Kátólíìkì, Bethlehem Girls' College, bàjẹ́ pẹ̀lú. Arábìnrin Henrietta Alokha ni ọ̀gá ilé-ìwé náà. Níbi tí ó ti ń kó àwọn ọmọ jáde ni òun fúnra rẹ̀ kú sí. Kò sí àyè fún un láti kọ́kọ́ wádìí ìdí tí Ọlọ́run fi gbà kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Àwa tí a jókòó sí òkèèrè ni a máa ń rí àyè wádìí. A ó ní, 'Kí ni wọ́n ṣe? Ta ni wọ́n ṣẹ̀?' Nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 13, Jésù mẹ́nu kan ènìyàn 18 tí ilé-ìṣọ́ wó pa ní Sílóámù, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé wọn kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Bí a kò bá rí ẹ̀ṣẹ̀ dì rù wọ́n, a ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Bẹ́ẹ̀ àjọ NNPC ṣàlàyé nígbà náà pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ páìpù. Ní ọdún 2008, ní Ìjẹ́gun kejì, èyí tí ó wà ní ọ̀nà Ìkòtún (kí a má ṣe ṣi méjèèjì mú), katakata tí ń la ọ̀nà ni ó gún páìpù. Ẹni tí ó bá pe irú èyí ní àmúwá Ọlọ́run ń gbé ẹ̀bi ènìyàn ru Ọlọ́run.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àpò ìrànwọ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí ó tó bílíọ̀nù 2 náírà, wọ́n sì fi mílíọ̀nù 250 bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta kan náà ni ìséde àrùn Kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Wọ́n ní kí oníkálùkù jókòó sí ilé rẹ̀, nígbà tí àwọn kan kò ní ilé mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ti ilẹ̀kùn, kò sì rọrùn mọ́ láti lọ bá ọ̀fọ̀ jókòó gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.

Oníwàásù tí ó bá ń gbàdúrà ààbò ní Ìjẹ́gun-Ẹ̀gbá, tí kò dárúkọ táńkà tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, àánú àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣe é, kò tí ì ṣàánú wọn. Ta ni ó fi àṣẹ sí i pé kí a ta gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù? Ta ni ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ojú ọ̀nà páìpù náà? Mo gbà pé ìjọ Ọlọ́run ní ẹ̀tọ́ láti kó irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́.