Àwòrán, Ìwé àti Ìrìn-àjò: Èwo Ló Máa Ń Kọ́kọ́ Bọ́ Lọ́wọ́?

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń yàwòrán ní agbègbè Tchaourou máa ń bi wá bí ènìyàn ṣe lè yàwòrán, kí ó máa kọ̀wé, kí ó sì tún máa rìnrìn-àjò, láìjẹ́ pé ọ̀kan pa èkejì. Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré níbi tí a wà yìí. Ọ̀nà ńlá tó ti Kútọnu lọ sí Parakou gba àárín ìlú wa kọjá, ààlà Nàìjíríà sì wà ní ìlà-oòrùn wa. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ kì í pẹ́ kí ọ̀nà tó pè é. Ohun tí a rí nínú ìgbésí ayé àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa ni pé àwòrán kì í tètè bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìrìn-àjò náà kì í tètè bọ́, nítorí pé àwọn méjèèjì ló ń mú owó wá. Ìwé kíkọ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́. Bí ó bá sì ti bọ́, orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà wà nínú ewu.

Ẹ wo pátákó tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ti onídìrí, ti ẹni tí ń tún alùpùpù ṣe. Ọwọ́ ènìyàn ló kun wọn: orí tí wọ́n gẹ̀ ní oríṣiríṣi, irun dídì, táyà, abọ́ oúnjẹ. Oòrùn ń ṣá wọn, òjò ń fọ ọ̀dà wọn, ní ọdún díẹ̀ ẹlòmíràn á kun tirẹ̀ lé e lórí. Lára púpọ̀ nínú wọn, ohun kan ṣoṣo tí ayàwòrán kọ nípa ara rẹ̀ ni nọ́ńbà tẹlifóònù ní igun ìsàlẹ̀. Bí ó bá pààrọ̀ nọ́ńbà, tàbí tí ó sọdá sí Nàìjíríà, pátákó náà di ọmọ tí kò ní bàbá. Àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ pátákó kì í ṣe ọnà. A kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnu ló ń ṣe iṣẹ́ ìwé. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1873, tó sì kú ní 1938, ń sin Arínjalẹ̀ ọba Ìsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọba mìíràn náà máa ń ránṣẹ́ pè é. Ó lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọndọnu. Ilẹ̀kùn náà kò padà wálé mọ́: wọ́n ṣe àga ọba kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ògògà, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, ilẹ̀kùn sì di ti British Museum. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ ìwé kankan. Oríkì rẹ̀ ló bá a pa orúkọ mọ́. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì mọ̀ ọ́n kì, òun ló kì í fún John Pemberton, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, tó sì gbà á sílẹ̀. Àwọn ìlú tí Ọlọ́wẹ̀ ti ṣiṣẹ́ wà nínú oríkì náà. Mélòó nínú wa ló ní ẹni tó lè ka ìlú tó ti ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí?

Ẹni tí a fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa wò dáadáa ni Àìná Ọnàbólú. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní 1882. Nígbà èwe rẹ̀, àwọn àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń wò yà, kò sí olùkọ́ tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tó dé Èkó, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe jẹun, àsìkò tó bá ṣẹ́ kù ló fi ń yàwòrán. Nígbà náà, òyìnbó púpọ̀ gbà pé ọmọ adúláwọ̀ kò lè ya ojú ènìyàn bí ó ti rí. Ní 1906 Ọnàbólú ya Ìyáàfin Spencer Savage, àwòrán náà sì tó láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Owó oṣù ni kò jẹ́ kí ó máa wá oníbàárà kiri lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn gbajúmọ̀ Èkó tí ó ń yà kò lè fi owó darí ọwọ́ rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan ka iṣẹ́ oṣù sí ohun tí ń pa ọnà. Ní ti Ọnàbólú, òun ló bọ́ ọnà náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1920, nígbà tó ti tó ẹni ọdún méjìdínlógójì, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọndọnu, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán St John's Wood. Ó dé Paris pẹ̀lú, ní Académie Julian. Ní 1922 ó ti padà. Ìrìn-àjò tó ní ìparí ni: ó mọ ohun tó ń wá, ó rí i, ó sì wálé. Ní ọdún 1920 yẹn kan náà ni ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀ jáde, èyí tó pè ní A Short Discourse on Art. Kò dúró de ìwé ẹ̀rí òyìnbó kí ó tó sọ èrò rẹ̀ nípa iṣẹ́ tó ń ṣe.

Nígbà tó padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Èkó ní àwòrán, láti ilé-ìwé kan dé èkejì, títí iṣẹ́ náà fi ju agbára ẹnì kan lọ. Ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ kún òun. Kenneth Murray ló dé ní 1927. Murray kò fara mọ́ ọ̀nà Ọnàbólú. Òun fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró ti ọnà ìbílẹ̀, kí wọ́n má ṣe máa tẹ̀lé ti Yúróòpù. Títí dòní àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Bí Ọnàbólú kò bá kọ nǹkan sílẹ̀ ni, ohun tí Murray sọ nìkan ni à bá máa kà.

Ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín, ẹni tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù ni Pierre Verger, ọmọ Faransé, tí kì í ṣe ayàwòrán bí kò ṣe ayafọ́tò. Láti 1932 ló ti ń rìn káàkiri ayé pẹ̀lú ẹ̀rọ fọ́tò rẹ̀. Ìwé kíkọ kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Nígbà tí ilé ìwádìí IFAN ní Dakar fún un lówó láti wá ṣiṣẹ́ ní apá ọ̀dọ̀ wa, Théodore Monod tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ kò gba fọ́tò nìkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní dandan ni kí ó kọ ohun tí ó rí. Nínú dandan yẹn ni ìwé ńlá rẹ̀ ti 1957 lórí òrìṣà àti vodun ti jáde, àti ti 1968 lórí òwò ẹrú láàárín Bahia àti etíkun wa. Ní 1953 ó tẹfá ní Kétu, wọ́n sì fún un ní orúkọ Fátúmbí. Ìrìn-àjò tirẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn nínú pẹ̀lú: òun ló gbé ìwé Aláàfin Ọ̀yọ́ lọ sí Bahia ní 1952, tí Mãe Senhora fi joyè Ìyá Nàsó. Àwọn fọ́tò rẹ̀ dára púpọ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó kọ ni a fi mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò, ìlú tó wà, àti orò tí wọ́n ń ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni Monod yóò dúró tì lẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Taiwo Olaniyi, tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, ọmọ Ògìdì lẹ́bàá Kàbbà, jó dé Òṣogbo pẹ̀lú ẹni tí ń ta oògùn kiri. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán ní 1964, pẹ̀lú àwọn Beier. Ó yàwòrán, ó kọrin, ó jó, ó gbé ní Amẹ́ríkà fún ìgbà pípẹ́, UNESCO sì sọ ọ́ di Òṣèré fún Àlàáfíà ní 2005. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ti 1999, ẹnu ló fi sọ ọ́, Ulli Beier ló sì tò ó jọ. Ọ̀nà yẹn dára fún ẹni tí pẹ́ńsù kò rọ̀ lọ́rùn.

Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní 1962, yan ọ̀nà tirẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń rìn jù, òun fúnra rẹ̀ kò kúrò ní Àjàṣẹ́. Kẹ́ẹ̀gì epo kpayo tí àwa náà ń rí lẹ́bàá ọ̀nà ló fi ń ṣe ojú agọ̀. Mẹ́rinlélọ́ọ̀ọ́dúnrún irú rẹ̀ ló wà nínú La Bouche du Roi, tí British Museum rà ní 2007.

Ẹ má jẹ́ kí àkọtọ́ dá yín dúró. Ilé-ìwé Faransé ni púpọ̀ nínú wa lọ. Bí a bá fẹ́ kọ Yorùbá, ọwọ́ wa á kọ "ou" àti "tch", bí orúkọ Tchaourou fúnra rẹ̀ ṣe rí. Álífábẹ́ẹ̀tì tí ìjọba wa fọwọ́ sí ń lo ɛ àti ɔ, ti Nàìjíríà ń lo ẹ àti ọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá fi kọ ọ́, a ó gbà á, a ó sì tún un ṣe. Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó bá mọ ayàwòrán, agbẹ́gilére tàbí alámọ̀ kan ni orúkọ rẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, àwọn ìlú tó ti ṣiṣẹ́ àti ọdún tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò iṣẹ́ náà kí wọ́n tó kun òmíràn lé e. Ẹni tí kò lè kọ, kí ó sọ ọ́ sínú fóònù, a ó dà á kọ. Kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun jáde; àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́, ẹ̀tọ́ wọn ni.